Nọ́ọ̀tì Kẹrin

Ẹ dá a padà sí àtẹ́wọ́ mi kí n tó jókòó. Àmọ̀kẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí. O tún inú àpótí mi ṣe, o ṣeun, ọmọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí o rí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà nínú aṣọ funfun kékeré, tí o fẹ́ kó o mọ́ páànù àlòkù fún ọkùnrin tó ń ra irin kiri, díẹ̀ ló kù kí àyà mi já. Ẹ̀yin tó kù ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in, ẹ ṣáà bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.

Gbogbo ẹ̀rọ òde òní, ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ẹ̀rọ tiwa máa ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá wà ní Ìbà, tí lọ́rì wa ń ṣiṣẹ́ létídò Ọ̀jọ́, tí atẹ́gùn bá fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ mi, mo lè sọ fún yín bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá. Lónìí, bí ẹ bá dúró ní Òkòkòmáíkò, ẹ ò ní gbọ́ ẹni tó ń kí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Nígbà tí mò ń wí yìí, tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú, igbó, ọgbà gbágùúdá àti igi àgbọn ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn katakata sì ń bọ̀ láti ọ̀nà Èkó, wọ́n ń hú igi, wọ́n ń da yanrìn, wọ́n ní títì ńlá ń lọ sí Àgbádárìgì. Gbogbo ẹni tó rí owó ń kọ́lé, gbogbo ẹni tó ń kọ́lé sì ń wá pákó.

Àwa là ń la pákó. Èmi àti Ràfíù, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan náà. Olówó wa nígbà náà ni Bàbá Onígẹdú, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ kó pariwo. Ó ní lọ́rì ológun kan tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé, imú rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan kò sí. Irin gígùn kan ti inú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó yọrí lẹ́yìn. Ṣáàfù ẹ̀yìn là ń pè é. Lọ́rì á dúró gbọnin, táyà kankan kò ní yí, ṣùgbọ́n ṣáàfù á máa yí, a ó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ, bẹ́líìtì á yí ayùn ńlá, ayùn á máa la gẹdú tí wọ́n fi omi ọ̀sà gbé wá. Ràfíù ni dírẹ́bà. Èmi ni mò ń tọ́jú ṣáàfù.

Irin tó gùn tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ohun tó gbé e dúró láàárín, á máa jó. Bí ijó náà bá le, á já. Bẹ́ríńgì tí òyìnbó fi gbé e ti bàjẹ́ kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Igi ayín la fi dípò. N óò gé ayín tó gbó, n óò là á sí méjì, n óò gbẹ́ àárín rẹ̀ títí yóò fi bá ṣáàfù mu rẹ́gí, n óò wá sè é nínú àdín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìrọ̀rí la sọ ọ́, torí pé orí rẹ̀ ni ṣáàfù ń sùn lé. Ìdajì á wà nísàlẹ̀, ìdajì á wà lókè, bóòtù mẹ́rin àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin á dì wọ́n pọ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Bí ìrọ̀rí bá dára, ṣáàfù á máa kùn jẹ́jẹ́. Bó bá ti ń jẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí kan kó, kó, kó.

Èèyàn kan kò lè dá a ṣe. Ràfíù á dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, á fi àtẹ́wọ́ méjèèjì gbé ṣáàfù, èmi á máa wò ó: “Gbé e sókè díẹ̀. Ó tó. Má mí.” Kò ní mí títí n óò fi fún nọ́ọ̀tì kẹrin. Bí mo bá fún un tán, n óò ti ìka bọ epo pupa, n óò fi tọ́ ọ lórí. Òfin àwa tí à ń fi irin jẹun lọ́nà Àgbádárìgì nìyẹn, Mùsùlùmí wa, onígbàgbọ́ wa. Ẹni tó bá di irin, tó fi epo tọ́ ọ, òun ni yóò tú u. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ tú u, kó wá sọ fún un lójú ara rẹ̀. Nítorí òfin yìí, a kì í tún yẹ iṣẹ́ ara wa wò. Ẹni tó bá ń wo abẹ́ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi epo tọ́, ó ń pè é ní òpùrọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Iléyá kí ojú yín lè dá díẹ̀. Bí ọdún bá kù ọ̀la, Bàbá Onígẹdú á ní ká gbé ayùn kúrò, ká fi ẹ̀rọ ata sí ìdí ṣáàfù. Gbogbo obìnrin láti Ọ̀jọ́ dé Igbó-Elérin á tò, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́dún kan, ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ wo ata rẹ̀, bẹ́líìtì gbé ìborùn rẹ̀, ó bá ata lọ. Ọbẹ̀ ọdún yẹn ní òwú búlúù nínú. Láti ọjọ́ náà ni Ràfíù ti ṣòfin tirẹ̀ pé aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀ òun. Bí o bá wọ agbádá, bọ́ ọ. Bí o bá jẹ́ ọba, bọ́ ọ.

Bàbá Onígẹdú kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta lọ́rì fún kọngílá kan tó gba iṣẹ́ afárá kékeré nítòsí Òkòkòmáíkò. Ó bá èmi àti Ràfíù nídìí ọkọ̀, ó sì kó wa mọ́ ọn bí ẹni ra ewúrẹ́ pẹ̀lú okùn. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò ní jáde lẹ́nu mi. Alálésì ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé léèsì ló ń wọ̀ lọ síbi yanrìn, léèsì ló ń wọ̀ lọ síbi sìmẹ́ńtì. Pákó tí wọ́n ń da kọnkéré afárá lé lórí ló fẹ́ ká máa là fún òun.

Ìsinmi ìrọ̀rí ló ń bí i nínú. Lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, a máa ń dá ẹ̀rọ dúró kí igi tutù, ká bu àdín sí i. Alálésì á máa rìn sókè sódò. “Iṣẹ́ gọ́mìnà rèé, ẹ̀ ń fún igi lọ́mú! Ayé ti lajú, ẹ ò tíì mọ̀?” Ràfíù á fèsì pé, “Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ìrọ̀rí sùn, ìrọ̀rí náà kò ní jẹ́ kó sùn.”

Lọ́jọ́ kan mo lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ wá igi ayín. Nígbà tí àsìkò ìrun alásárì tó, Ràfíù pa ẹ́ńjìnnì, ó lọ ṣe àlùwàlá. Alálésì ti mú mẹkáníìkì kan wá láti Èkó. Ó ní kó wọ abẹ́ ọkọ̀ kíá, kó yọ igi ìdáná yẹn kúrò kí dírẹ́bà tó dé, torí ó mọ̀ pé Ràfíù kò ní gbà. Ó ní òun kò rí ọkọ̀ kankan l'Ékòó tó ń fi igi ṣe ìrọ̀rí. Ojú àwọn lébìrà ni wọ́n ṣe tú u, wọn kò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tó lanu, oúnjẹ ọmọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ràfíù kírun tán, ó dé, ó ṣíná sí lọ́rì. Kò wo abẹ́ ọkọ̀. Kí ló fẹ́ wò? Mo ti fi epo tọ́ ọ láàárọ̀. Ó mú bẹ́líìtì, ó sún mọ́ ẹ̀yìn. Ṣáàfù jó lẹ́ẹ̀kan, ó jó lẹ́ẹ̀kejì, ó já. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló mú lọ, láti ìgbúnwọ́ dé ìka.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, Alálésì gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò kí n tó lè gbé e lọ. Ó mú igi kan tó ti là, tó sì ti ṣẹ́ jáde, ó ní ìrọ̀rí tí mo fi sábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn, pé òun ló là, pé èmi ni mo gé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo igi náà. Igi àràbà ni, wọ́n fi epo pa á lára. Mo ní kí wọ́n bu omi sínú bàsíà wá. Ayín tí a sè nínú àdín, ìsàlẹ̀ omi ló ń lọ tààrà. Mo ju ìrọ̀rí mi kan tó ṣẹ́kù sí i, ó rì gbì. Mo ju ti Alálésì sí i, ó léfòó, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Gbogbo wọn ló rí i. Ṣùgbọ́n Alálésì ń gbẹ́ kànga fún àdúgbò lọ́wọ́ nígbà náà. Àgbà kan wúkọ́, ó ní, “Omi náà lè purọ́.” Ẹ gbọ́ nǹkan! Omi! Wọ́n ní ká lọ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo di etí kan ọ̀rọ̀ náà mú.

Ìròyìn kálẹ̀. Bí mo bá ń kọjá ní Ìbà, wọ́n á ní, “Ẹni tó fi igi gé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn.” Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ wá fún mi mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti Sìkírá, ìyàwó Ràfíù. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni “ọkọ mi” ti jẹ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀, bí ìyàwó ti í pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Á gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, á yíjú, á lọ. Ràfíù fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ rárá, ó ní, “Mo mọ ọwọ́ rẹ.” Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń wo òun náà. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọwọ́ òsì yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń jẹun, òun ló fi ń nawọ́ nǹkan sí àgbà, tí á kọ́kọ́ máa bẹ̀ wọ́n, “Ẹ má bínú, òsì ni mo ní.” Nígbàkígbà tó bá wí bẹ́ẹ̀, n óò rí léèsì lójú mi. Mo búra pé ẹnu Alálésì fúnra rẹ̀ ni Sìkírá yóò ti gbọ́ òótọ́.

Òjò lọ, ẹ̀rùn dé. Alálésì ti ra ṣáàfù mìíràn, ó ní kí wẹ́dà fi irin gbé e dúró. Irin yẹn já. Wẹ́dà tún fi iná jó o pọ̀, ó tún já. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn, dírẹ́bà tuntun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ dúró, àwọn ọ̀gá ìjọba sì ń bọ̀ wá wo afárá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó bá ránṣẹ́ sí mi. Kí n tó gbéra, mo sọ fún Ràfíù pé kí òun àti Sìkírá gbé oúnjẹ ọ̀sán mi wá bá mi níbẹ̀.

“O dé,” ni Alálésì wí. “Tètè bá mi ṣe é. Jímọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.”

“N óò ṣe é, ọ̀gá. Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ta ni yóò bá mi gbé ṣáàfù?”

“Mú lébìrà tó bá wù ẹ́.”

“Ràfíù ló máa ń gbé e. Ẹni tó gba ọwọ́ Ràfíù ni kó wá gbé e.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín tán. Mo jókòó sórí gẹdú, mo mú ẹ̀pà jáde lápò, mò ń jẹ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lọ, ó bọ̀. Ó pariwo lé àwọn lébìrà lórí, ó pe wẹ́dà, wẹ́dà ní ẹ̀yìn ń ro òun. Mo ti jẹ ẹ̀pà dé ìdajì nígbà tó dúró sí iwájú mi.

“Ó dáa. Níbo ni kí n dúró sí?”

“Ẹ ò ní dúró, ẹ máa dùbúlẹ̀ ni. Ẹ bọ́ agbádá. Òfin Ràfíù ni.”

Ó bọ́ léèsì, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti da omi sí ilẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń po kọnkéré, ẹrẹ̀ ni. Ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. A gbé ṣáàfù lé e látẹ́wọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ti pé jọ. Mo gbójú sókè, mo rí Ràfíù àti Sìkírá tí wọ́n ń bọ̀, Sìkírá ru abọ́ oúnjẹ.

“Ẹ gbé e sókè díẹ̀,” ni mo wí. “Ó tó. Ẹ má mí.”

Mo to ìrọ̀rí sí i, mo ki bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ ihò wọn, mo mú sípánà dání, n kò sì fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Ṣáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí àyà rẹ̀.

“Dì í! Kí lò ń dúró dè?”

“Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ béèrè. Ta ló tú ìrọ̀rí mi lọ́jọ́ yẹn?”

“Ọ̀rọ̀ tó ti kọjá...”

“Ta ló tú u, sà?”

“Èmi ni! Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u! Ìgbà tó lọ kírun ni wọ́n tú u!”

“Igi tí ẹ gbé síwájú àwọn àgbà ńkọ́?”

“Àràbà ni! Mo ní kí wọ́n là á! Dì í, nítorí Ọlọ́run!”

Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní, “N kò gbọ́ dáadáa, ọ̀gá.” Ó tún un wí, ó pariwo rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín nínú ọjọ́ ogbó mi, inú mi dùn. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá, èyí kò sì tíì tó ọdún kan. Sìkírá sọ abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. “Ọkọ mi,” ni ó wí.

Mo fẹ́ kí Alálésì pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ yẹn sí i. Ràfíù ni kò jẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì kàn mí léjìká, ó ní, “Dì í. N kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn lọ.” Mo dì í. Mo fún nọ́ọ̀tì mẹ́ta, mo fi epo tọ́ wọn. Mo fi epo tọ́ orí bóòtù kẹrin tó wà lófìfo. Nọ́ọ̀tì kẹrin, mo jù ú sápò.

Alálésì wọ́ jáde, ó rí i. “Ó ku ọ̀kan.”

“Ọ̀kan yẹn ń bá mi lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lábẹ́ ọkọ̀, ṣáàfù ló fipá gbà á lẹ́nu yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, láìsí irin lọ́wọ́ yín, ọjọ́ náà ni n óò wá dì í.”

Mẹ́ta gbé e dúró, mo mọ iṣẹ́ mi, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò kùn jẹ́jẹ́ mọ́. Kó, kó, kó, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn lébìrà á máa wo ara wọn, wọ́n á ní, “Ràfíù ń kanlẹ̀kùn.” Alálésì pe mẹkáníìkì láti Ìbà, ó pe láti Ọ̀jọ́. Wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á rí epo, wọ́n á kó sípánà wọn, wọ́n á lọ. Ẹ rí i, òfin tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló wá dè é. Wọ́n parí afárá. Ó rí iṣẹ́ mìíràn, ó kọ́lé, ó ra ọkọ̀ tuntun, lọ́rì náà sì ń kan kó kó títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú.

Iléyá kan kò ní kọjá kí Alálésì má ránṣẹ́. Ó fi àgbò ránṣẹ́, mo dá a padà. Mo ní àgbò kọ́ ló tú ìrọ̀rí, àgbò kọ́ ni yóò tọrọ àforíjì. Ràfíù á máa fi mí rẹ́rìn-ín, “Ju nọ́ọ̀tì yẹn nù, ó ń fà ọ́ lápò ya.” Ọkàn rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń rí i tí á gbójú sókè. Ó ń retí ọkùnrin yẹn. Ó retí rẹ̀ títí ó fi kú.

Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú rẹ̀ ni Alálésì wá. Ó ti darúgbó, ó ń tẹ̀lé ọ̀pá, léèsì rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi.

“Ẹ dìde,” ni mo wí. “Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ wá bá.”

“Fún mi ní nọ́ọ̀tì náà, jọ̀ọ́,” ni ó wí. “Lọ́rì ti di àlòkù tipẹ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n sùn.”

Mo ti ọwọ́ bọ àpò. Mo dì í mú níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sì fa ọwọ́ mi jáde lófìfo. Mo ní, “Ẹni tó ni í ti lọ. Ẹ wá a lọ.” Òjò àkọ́rọ̀ kò bá a láyé.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àfáà ti sọ ọ́, Sìkírá náà sọ ọ́ kó tó kú. Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi, n kò dárí jì í. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Nítorí náà, Àmọ̀kẹ́, ìwọ tó mọ àpótí tún ṣe, iṣẹ́ rẹ rèé. Bí mo bá kú, tí wọ́n wẹ̀ mí tán, kí wọ́n tó fi aṣọ funfun dì mí, fi nọ́ọ̀tì yìí sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún, kí o pa ìka mi dé. Má jẹ́ kí àfáà rí ọ. Ọ̀dọ̀ Ràfíù ni mò ń gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ti pé níbẹ̀, òun ni yóò sọ bóyá ká dì í. Alálésì náà á ti wà níbẹ̀, á máa gbọ́ kó, kó, kó.

Kó dúró dè wá. Ẹ gbé oúnjẹ mi wá, n kò tíì ṣe tán àtilọ.